Láti Lọ́rì Sójà sí Típà: Ohun Tó Yẹ Ká Wọ̀n Ká Tó Jó Irin

(Ọ̀rọ̀ àsọyé níbi ìpàdé àwọn ọmọ Yorùbá ní Texas)

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin àbúrò, ẹ kú ìkàlẹ̀. Alága ní kí n má pẹ́ lórí ìdúró. Màá gbìyànjú, àmọ́ ọ̀rọ̀ tó ní ìṣirò nínú kì í ṣe ohun tí à ń sọ lérèfé.

Púpọ̀ nínú wa ló ti ra ilẹ̀ sẹ́yìn ìlú. Àwọn kan ń dáko, àwọn kan ń sin ewúrẹ́, àwọn kan ń kọ́lé tà. Gbogbo wọn ló ń kó yanrìn, òkúta wẹ́wẹ́ àti ilẹ̀ dúdú, iye tí àwọn onítípà sì ń gbà lórí tírípù kan kì í ṣe kékeré. Ibẹ̀ ni èrò yẹn ti ń wá. Ẹnì kan á lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, á rí lọ́rì sójà tí ìjọba ń tà ní gbàǹjo, táyà mẹ́wàá, irin gidi, owó rẹ̀ kò sì ju ti pick-up àlòkù lọ. Ó tán. Á ní, "Màá yọ bọ́dì ẹ̀yìn rẹ̀ sọnù, màá gbé jáàkì ọlọ́ìlì tó ń gbé bọ́dì sókè sí i, mo ti di onítípà nìyẹn."

N ò wá síbí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́kun. Ó ṣeé ṣe, ọjọ́ sì ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń ṣe é. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ sílé ni pé ọ̀nà búburú ni wọ́n kọ́ lọ́rì sójà fún, wọn ò kọ́ ọ fún ẹrù wúwo. Ẹni tó bá gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ á mọ bí ògiri bọ́dì rẹ̀ ṣe máa ga tó, á mọ ibi tí híńjì máa wà, á sì mọ bí wọ́n ṣe ń di bọ́dì mọ́ ṣáásì, ìyẹn irin gígùn tí gbogbo ọkọ̀ jókòó lé. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, wẹ́dà á jó ohun tó wù ú fún un, yanrìn ló máa wá sọ ìyókù fún un.

Ẹ jẹ́ ká mọ ọkọ̀ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ná. Èyí tí ọ̀pọ̀ yín ń rí ní gbàǹjo ni M35. Ilé iṣẹ́ REO ní ìlú Lansing, ìpínlẹ̀ Michigan, ló ya àwòrán rẹ̀, ọdún 1950 ni iṣẹ́ ogun sì gbà á wọlé. Bàbá rẹ̀ ni lọ́rì GMC tí wọ́n ń pè ní CCKW, èyí tí wọ́n ṣe ju 500,000 lọ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Lọ́dún 1944, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń lé àwọn Jámánì kúrò ní ilẹ̀ Faransé, irú lọ́rì bẹ́ẹ̀ ló ń sáré kó epo àti ọta ìbọn tẹ̀lé wọn nínú iṣẹ́ tí wọ́n sọ ní Red Ball Express. Àwọn aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú àwọn tó wà á. (Ìyẹn tó ọ̀rọ̀ àsọyé lọ́tọ̀, kí ẹnì kan bá wa múra rẹ̀ sílẹ̀ fún ìpàdé mìíràn.) Ohun tí sójà ń wá lára ọkọ̀ nígbà náà kò yí padà nígbà tí M35 dé: kó gba inú ẹrẹ̀ kọjá, kó gba orí afárá onípákó kọjá, kó má rì, kó dé. Bí ẹrù rẹ̀ kò bá pọ̀, wọ́n á rán lọ́rì mìíràn tẹ̀ lé e.

Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fi ń fa ọkọ̀, tó fi ní jíà márùn-ún, tí àpótí jíà kejì tún wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń pín agbára sí iwájú àti ẹ̀yìn. Ẹ́ńjìnì M35A2, ìyẹn ẹ̀yà M35 tí màá máa fi ṣe àpẹẹrẹ, jẹ́ lítà méje àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀, Continental ló ya àwòrán rẹ̀, ó sì ń mu dísẹ́ẹ̀lì, kẹrosíìnì, epo ọkọ̀ òfuurufú, kódà ó lè mu bẹntiróòlù bí ọ̀rọ̀ bá di kò-sí-ọ̀nà. Ẹ má fún un ní bẹntiróòlù o. Ti ogun nìyẹn, ẹ ò sí lójú ogun. Agbára rẹ̀ kò ju hóòsì páwà 140 lọ, eré tó lè sá kò sì ju kìlómítà 90 lọ ní wákàtí kan, lórí títì tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ẹ bá rù ú, tí ẹ sì dojú kọ òkè, jíà kẹta ni, kí àwọn tó wà lẹ́yìn yín máa ṣe sùúrù.

Wàyí o, ìwúwo. Ibí yìí ni mo fẹ́ dúró pẹ́ sí.

M35A2 tí kò ru nǹkan kan wúwo tó nǹkan bíi kílò 5,900. Sójà gbà pé kó ru kílò 2,270 nínú igbó, kó sì ru ìlọ́po méjì rẹ̀, ìyẹn nǹkan bíi 4,540, lórí títì. Ẹ jẹ́ ká mú 4,540 yẹn, torí òun ló dùn mọ́ onítípà. Ẹ ti yọ bọ́dì sójà kúrò, ẹ wá gbé bọ́dì irin lé e, pẹ̀lú férémù abẹ́ rẹ̀, jáàkì, pọ́ǹpù àti tánkì ọ́ìlì. Ohun tí ẹ gbé lé e sábà máa ń wúwo ju ohun tí ẹ yọ lọ. Fún ìṣirò tiwa lónìí, ẹ jẹ́ ká fi àlékún yẹn sí kílò 700. Ó ku kílò 3,840 fún ẹrù.

Ẹ wá wo bọ́dì tí wẹ́dà fẹ́ jó. Gígùn rẹ̀ mítà 3, ìbú rẹ̀ mítà 2.1. Ẹni tí ojú ń kán á ní kí ògiri rẹ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà 60, ìyẹn ni pé kúbíìkì mítà 3.78 á wọ inú rẹ̀. Yanrìn gbígbẹ wúwo tó nǹkan bíi kílò 1,600 ní kúbíìkì mítà kan. Bí òjò bá pa á, ó lè tó 1,900. Nítorí náà, bọ́dì yẹn tó bá kún dé etí á ru tọ́ọ̀nù mẹ́fà lọ́jọ́ tí oòrùn ràn, á sì ru tọ́ọ̀nù méje lé díẹ̀ lọ́jọ́ kejì òjò, lórí ọkọ̀ tí kò yẹ kó ru tó tọ́ọ̀nù mẹ́rin. Ojú ò sì lè rí ìyàtọ̀ láàárín ọjọ́ méjèèjì. Òkìtì yanrìn kan náà ni.

Ohun tí mo máa ń sọ fún ẹni tó bá bi mí ni pé kó jẹ́ kí ògiri náà ga ní sẹ̀ǹtímítà 40, kó mú ọ̀dà pupa, kó fa ìlà méjì yí inú bọ́dì ká: ọ̀kan ní sẹ̀ǹtímítà 38 láti ìsàlẹ̀, yanrìn gbígbẹ kò gbọ́dọ̀ kọjá ibẹ̀, èkejì ní 32, ti yanrìn tútù nìyẹn. Ẹni tó ń fi katakata bu yanrìn kò ní ẹ̀rọ ìwọ̀n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń rí ọ̀dà. Bí ẹ bá sì fẹ́ gbé e wọ inú oko, níbi tí kò sí títì, tí ẹ fẹ́ tẹ̀ lé òfin sójà gẹ́lẹ́, kò ju kúbíìkì mítà kan lọ. Mo rí i pé ẹ̀rín ń pa yín. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ru jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí wọn kì í sáré, ọ̀nà wọn kò sì jìn. Èmi ò ní sọ fún yín pé ọkọ̀ náà máa kán sí méjì lọ́jọ́ náà. Bẹ́árìǹ ẹsẹ̀, sípíríǹgì àti bíréèkì ló máa san gbèsè náà díẹ̀díẹ̀.

Ẹ sì mọ àṣà wa. Nílé, bí wọ́n bá ti gbé bọ́dì típà lé 911, kò ní pẹ́ tí ẹnì kan á fi jó irin pẹlẹbẹ tàbí kó kan pákó lé etí rẹ̀ kó lè gba yanrìn sí i. Àwọn 911 fara dà á nítorí pé ọkọ̀ ẹrù ni wọ́n láti ilẹ̀, àwọn náà kò sì fara dà á tó bí a ṣe ń sọ. Ẹ má gbé àṣà yẹn wá sórí M35.

Ó yá, jáàkì. Àwọn tó ń ta jáàkì máa ń kọ tọ́ọ̀nù sí i lára, oníbàárà á sì rò pé bí ẹrù òun bá jẹ́ tọ́ọ̀nù márùn-ún, jáàkì tọ́ọ̀nù mẹ́wàá ti ju ti ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹrù tiwa àti bọ́dì fúnra rẹ̀, ká pè é ní tọ́ọ̀nù 4.8. Híńjì wà ní ìdí bọ́dì, àárín ẹrù sì wà ní mítà kan àbọ̀ sí híńjì. Bí a bá fi jáàkì sí iwájú pátápátá, lẹ́yìn kábíìnì, ní mítà 3 sí híńjì, tọ́ọ̀nù 2.4 péré ló máa fi gbé ohun gbogbo. Dáadáa gan-an ni. Ṣùgbọ́n irú jáàkì bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ gígùn gan-an, onípele ni, ó wọ́n, ó sì ń jẹ àyè lẹ́yìn kábíìnì.

Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi jáàkì kúkúrú sí abẹ́ bọ́dì, kó máa ti bọ́dì ní nǹkan bíi mítà kan péré sí híńjì. Ẹ lọ ti ilẹ̀kùn wúwo ní ẹ̀gbẹ́ híńjì rẹ̀, ẹ ó mọ ohun tí ojú jáàkì yẹn ń rí. Tọ́ọ̀nù 4.8 yẹn ti di tọ́ọ̀nù 7.2. Kò tíì tán o. Nígbà tí bọ́dì ṣì sùn sórí ṣáásì, jáàkì náà sùn ni, kò dúró. Bó bá dagun ní dígíríì 20 péré, ìdá kan nínú ìdá mẹ́ta agbára rẹ̀ ló ń lọ sókè, ìyókù ń ti nǹkan síwá sẹ́yìn lásán. Kó tó lè fi tọ́ọ̀nù 7.2 gbé bọ́dì, ó gbọ́dọ̀ fi tọ́ọ̀nù 21 ti ara rẹ̀.

Jáàkì tí inú rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 12 àbọ̀, tí ọ́ìlì rẹ̀ wà ní 140 bar (bar la fi ń wọn bí ọ́ìlì ṣe ń fi agbára tì tó), tọ́ọ̀nù 17 àbọ̀ ló lè fi tì. Kò ní gbé e. Ẹ ó rí bọ́dì tó ń gbọ̀n, pọ́ǹpù tó ń ké, ọ́ìlì tó ń gbóná, ẹnì kan á sì máa sọ pé ẹ tẹ ẹ́ńjìnì sí i. Bí ẹ bá tẹ ẹ́ńjìnì títí di ọ̀la, ìyára tí pọ́ǹpù fi ń pọn ọ́ìlì ni yóò pọ̀ sí i, bar kò ní pọ̀ sí i, torí fáàfù kan wà tó ń dá ọ́ìlì padà sí tánkì. Jáàkì tí inú rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15 á fi tọ́ọ̀nù 25 tì, òun ló máa gbé e. Àwọn tó ń ṣe jáàkì típà gan-an máa ń fi apá irin bíi àlùmọ́gàjí sí i kí igun yẹn lè dára láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí owó bá wà, ẹ ra irú èyí ní odindi, pẹ̀lú ìwé rẹ̀, dípò kẹ́ ẹ máa ṣa jáàkì katakata jọ.

Ẹ tún padà síbi tọ́ọ̀nù 21 yẹn. Ibo ni ìyókù agbára náà ń lọ? Ó ń lọ sẹ́yìn, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 20 (agbára tó dagun kì í pín bí owó, ẹ má yọ 7 kúrò nínú 21), ó ń ti híńjì síta, ẹsẹ̀ jáàkì sì ń ti ṣáásì síwájú. Ẹni tó bá dá híńjì mọ́ ìdí ṣáásì lọ́tọ̀, tó wá dá ẹsẹ̀ jáàkì mọ́ àárín ṣáásì lọ́tọ̀, ń fi tọ́ọ̀nù ogún fa ṣáásì náà ya nígbàkígbà tó bá fẹ́ da yanrìn. Ìdí tí típà fi ń ní férémù tirẹ̀ lábẹ́ bọ́dì nìyẹn. Híńjì àti ẹsẹ̀ jáàkì gbọ́dọ̀ wà lára irin kan náà, kí ìjà náà parí láàárín àwọn méjèèjì, kí ṣáásì sójà má bá wọn dá sí i.

Lẹ́yìn náà ni ká wá di férémù yẹn mọ́ ṣáásì, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ọ̀nà búburú ti tún padà dé. Ṣáásì M35 kì í dúró gbọingbọin. Bí ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún bá gun òkúta, tí ẹ̀yìn òsì bá wọ kòtò, ṣáásì yẹn á lọ́, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó máa lọ́ ni, kí ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà má bàa kúrò nílẹ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe di bọ́dì sójà àtijọ́ mọ́ ọn kẹ́ ẹ tó yọ ọ́: ẹ ó rí sípíríǹgì lábẹ́ bóòtù ibi iwájú. Bí ẹ bá wá fi irin tó le di férémù tuntun mọ́ ọn láti orí dé ìdí, ṣáásì kò ní lè lọ́ mọ́. Yóò wá ibòmíràn lọ́, ibẹ̀ ni yóò sì ti sán, ó sábà máa ń jẹ́ lẹ́yìn kábíìnì gẹ́lẹ́, níbi tí férémù tuntun bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹ di ẹ̀yìn pinpin, níbi híńjì, ẹ fi pátákó irin dè é níbẹ̀ kó má yẹ̀. Bí ẹ bá ti ń bọ̀ níwájú, ẹ jẹ́ kó ní sípíríǹgì, kó lè mí. Ẹ fi pákó líle pẹlẹbẹ sí àárín irin méjèèjì. Ẹ gé orí férémù tuntun ní ìdagun, kó má fi igun mímú gún ṣáásì.

Ṣáásì náà rí bíi lẹ́tà C, ó ní etí lókè àti nísàlẹ̀. Ẹ má jó ohunkóhun mọ́ etí yẹn, ẹ má sì lu ihò sí i. Etí ló ń ru ẹrù jù. Bí ihò bá di dandan, àárín ara rẹ̀ tó dúró lóòró ni kẹ́ ẹ lù ú sí. Yú-bóòtù dára, àmọ́ ẹ fi igi tàbí irin há inú C níbi tí ó bá ti dì í, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó máa di nọ́ọ̀tì títí etí méjèèjì á fi wọlé síra wọn.

Ibi tí híńjì wà ńkọ́? Ẹ̀yìn táyà tó kẹ́yìn gẹ́lẹ́ ni, bó bá ṣe sún mọ́ ọn tó ni ó dára tó, kìkì kí yanrìn lè bọ́ sílẹ̀ láì bo táyà. Bọ́dì sójà gùn, ṣáásì sì yọ gùn sẹ́yìn pẹ̀lú ohun tí wọ́n fi ń wọ́ kẹ̀kẹ́ ẹrù. Ẹni tí kò fẹ́ fi ayùn kan án á lọ fi híńjì sí ìparí rẹ̀ pátápátá. Bí bọ́dì bá ti wá gbéra, tí yanrìn tútù lẹ̀ mọ́ ọn, gbogbo ìwúwo yẹn á bọ́ sẹ́yìn ásùlù, iwájú ọkọ̀ á fúyẹ́, sítíárìn á máa yí lọ́wọ́ yín bí ẹni pé kò sí nǹkan nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ gé e.

Bí pọ́ǹpù ṣe máa rí agbára kò le. Ẹnu kan wà lára àpótí jíà tí wọ́n ń fi PTO sí, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń mú agbára ẹ́ńjìnì lọ fún pọ́ǹpù. Bí lọ́rì yín bá ní ẹ̀rọ ìfàwọ́ (winch) níwájú, ẹnu yẹn ti ní nǹkan lára, kẹ́ ẹ pinnu èyí tí ẹ fẹ́. Ẹ ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ ó ti PTO wọlé, jíà á wà ní nútùrà, ẹ ó rọra gbé ẹ́ńjìnì sókè díẹ̀. Jáàkì sẹ̀ǹtímítà 15 tó ń yọ sẹ̀ǹtímítà 75 á mu nǹkan bíi lítà 13 ọ́ìlì. Pọ́ǹpù tó ń gbé lítà 40 ní ìṣẹ́jú kan á gbé e dókè láàárín ogún ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹ má wá èyí tó yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí ẹni tó ń lé yín. Ẹ fi gílóòbù pupa kan sí iwájú dẹ́rẹ́bà tí á máa tàn nígbàkígbà tí PTO bá wà nínú, torí ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ tó sì gba títì lọ á jó pọ́ǹpù rẹ̀, tàbí kó gbọ́ lójijì pé bọ́dì ti gbá afárá.

Àwọn kan ń fẹ́ fi pọ́ǹpù oníná sí i dípò PTO. Iná ọkọ̀ yìí 24 fóòtì (volt) ni, bátìrì 12 méjì ni wọ́n so tẹ̀ léra. Pọ́ǹpù 12 fóòtì pọ̀ lọ́jà, ó sì rọ̀ lówó, rẹ́bíìrè á sì sọ pé òun á fa wáyà láti ara bátìrì kan ṣoṣo. Ẹ má gbà fún un. Bátìrì tó ń ṣiṣẹ́ á máa gbẹ, èkejì á máa kún jù, láìpẹ́ ẹ ó ra méjèèjì. Ẹ ra pọ́ǹpù 24.

Bíréèkì ni mo fi ń dá àwọn èèyàn dúró tí wọ́n bá ní ọkọ̀ àwọn ti parí. Afẹ́fẹ́ ló ń ran ọ́ìlì bíréèkì M35A2 lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà ọ́ìlì kan ṣoṣo ló ní fún gbogbo ẹsẹ̀. Bí páìpù kan bá bẹ́ níbikíbi, kò sí bíréèkì kankan mọ́. Bíréèkì ọwọ́ rẹ̀ sì wà lára àpótí jíà kejì, kò sí lára táyà, nítorí náà bí ṣáàfù bá já, òun náà ti lọ nìyẹn. Sójà mọ̀, wọ́n ń yẹ páìpù wò lójoojúmọ́. Ẹ̀yin kò ní yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́, èmi náà mọ̀ yín. Ẹ wá mẹkáníìkì tó lè pín ọ̀nà ọ́ìlì náà sí méjì, iwájú lọ́tọ̀, ẹ̀yìn lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ gbogbo họ́ọ̀sì rọ́bà kẹ́ ẹ tó ra bọ́dì rárá.

Kí n tó gbàgbé: sójà fúnra wọn ṣe típà. M342 nìyẹn, ìdílé M35 kan náà. Bí ẹ bá rí i ní gbàǹjo, kò sí ìdí tí ẹ fi máa lọ ra M35 tí ẹ ó wá máa jó irin lé lórí. Nínú àwọn lọ́rì sójà tọ́ọ̀nù márùn-ún, ẹ ó rí típà M51, M817 àti M929. Èyí tó kẹ́yìn yìí ní ẹ́ńjìnì Cummins lítà 14, hóòsì páwà 240, jíà ọ̀tọ́mátíìkì láti Allison, afẹ́fẹ́ nìkan ló sì ń ti bíréèkì rẹ̀. Èmi fúnra mi, bí ẹ bá ní kí n yàn, òun ni màá mú fún òwò. Àmọ́ bó bá ti ru ẹrù, ó ti kọjá páùn 26,000, ìyẹn sì ni ààlà tí ìwé àṣẹ awakọ̀ tó jẹ́ ti òwò, CDL, ti ń wọ̀ ọ́. M35 tó ru kílò 4,540 ṣì wà ní nǹkan bíi páùn 23,000. Ìdí pàtàkì tí àwọn èèyàn fi ń lọ́ mọ́ M35 nìyẹn. Àgbẹ̀ ní àyè tiwọn nínú òfin, ìpínlẹ̀ kan sì yàtọ̀ sí ìkejì, kẹ́ ẹ béèrè níbi tí ẹ̀ ń gbé. Nígbà tí ẹ bá ń rà á, ẹ rí i pé fọ́ọ̀mù SF 97, ìwé ìjọba tí a fi ń gba ìwé ọkọ̀, bá a wá. Láìsí i, ẹ ti ra irin tó dára, ẹ ò tíì ra ọkọ̀ tó lè gba nọ́ńbà.

Bí mo ti sọ̀rọ̀ dé ibí yìí, alága gba ìbéèrè. Bàbá kan tó jókòó níwájú ní, "Ọmọ mi, ṣé mi ò lè gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí Abẹ́òkúta, kí àwọn ọmọ máa fi kó yanrìn?"

Mo dá wọn lóhùn pé: Bàbá, ẹ má bínú, owó náà ò ní padà. Bí ohun kan bá bàjẹ́ lára 911 tàbí Howo, ẹ rán ọmọ lọ sí Ládìípọ̀, á rà á bọ̀. Ẹni tó bá mú nọ́súlù ẹ́ńjìnì M35 dé Ládìípọ̀, wọ́n á bi í pé ibo ló ti rí i ni. Èkejì, ohun ìní ológun ni, òfin Amẹ́ríkà lórí kíkó irú rẹ̀ jáde le, ẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé kó tó dé èbúté. Ẹ̀kẹta, ojú rẹ̀ ṣì jẹ́ ojú sójà, bí ẹ tilẹ̀ kùn ún ní funfun. Àwọn tó wà lójú ọ̀nà á máa dá àwọn ọmọ dúró láràárọ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn ti gbọ́.

Ọmọkùnrin kan lẹ́yìn ní, "Ẹ̀gbọ́n, ká ní gbogbo rẹ̀ ti parí. Báwo la ṣe máa kọ́kọ́ dán an wò?"

Lórí sìmẹ́ǹtì tó tẹ́, àbúrò, níbi tí kò sí wáyà iná lókè. Ṣáásì tó ń lọ́ yìí dára fún ìrìn, ṣùgbọ́n bí bọ́dì bá ti wà lókè, tí ilẹ̀ bá dagun díẹ̀, lílọ́ yẹn kan náà á jẹ́ kó dà sí ẹ̀gbẹ́, bí ọ̀pọ̀ típà ṣe ń dà nìyẹn. Ẹ gbé bọ́dì òfìfo sókè sódò títí afẹ́fẹ́ á fi jáde nínú ọ́ìlì. Ẹ má fi ọwọ́ wá ibi tí ọ́ìlì ti ń jò, páálí ni kẹ́ ẹ fi wá a, torí ọ́ìlì tó ń jáde níbi ihò abẹ́rẹ́ lè gún awọ ara wọlé. Kí fáàfù kan wà ní ìdí jáàkì tó máa di ọ́ìlì mú bí họ́ọ̀sì bá bẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má wọ abẹ́ bọ́dì láìjẹ́ pé irin ìdúró ti wà níbẹ̀, jáàkì nìkan kò tó. Lẹ́yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ mú ẹfun tàbí ṣọ́ọ̀kì, kẹ́ ẹ fa ìlà kan tó bẹ̀rẹ̀ lára férémù tuntun tó sì sọ̀ kalẹ̀ sórí ṣáásì, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ẹ kó ìdajì yanrìn, ẹ tú ìdè ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ẹ gbé e, ẹ dà á, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kẹ́ ẹ wá padà wo ìlà náà. Bí ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ bá ti yẹra fún ara wọn, bó ṣe ìwọ̀n èékánná, férémù ń yọ̀ lórí ṣáásì nìyẹn: ẹ tún àwọn pátákó irin ibi híńjì dè kẹ́ ẹ tó kó ìdajì kejì.